Ẹ má kọ orúkọ ẹja sínú ìwé ọjà: bí mo ṣe ń ṣètò oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan ní Ẹ̀pẹ́

Bí ẹ bá ń gbé Ẹ̀pẹ́, tí ẹ sì fẹ́ mọ ohun tí ilé máa jẹ láti Sátidé dé Sátidé, ẹ kọ gbogbo nǹkan sínú ìwé ọjà yín, láti orí iyọ̀ dórí ìṣáná, ṣùgbọ́n ẹ má kọ orúkọ ẹja. “Ẹja” nìkan ni kí ẹ kọ, kí ẹ wá fi àyè sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ohun tí àwọn apẹja bá kó wọ Olúwo, ọjà ẹja wa, láàárọ̀ ọjọ́ náà ni yóò kún àyè yẹn. Ẹni tó bá ti pinnu láti orí ibùsùn pé òbòkún lòun ń lọ rà, òbòkún náà ni yóò rà, ì báà wọ́n bí ojú, nígbà tí àrọ̀ ń jà pìtìpìtì nínú ọpọ́n tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ìyá tó ni ín sì ń wá ẹni tí yóò gbé e lọ kí oòrùn tó mú.

Èmi kì í ṣe ọmọ Ẹ̀pẹ́. Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, ọkọ ló gbé mi wá sí etí ọ̀sà. Aránṣọ ni mí, ilé àti ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Òkè-Balógun. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ lọ́nà Lẹ́kí. Ó ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ Ajé, ó di alẹ́ Ẹtì ká tó tún rí i. Àwa tó kù sílé ni ìyá ọkọ mi, ọmọ mẹ́ta, àti ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Mo sọ èyí nítorí pé ètò oúnjẹ kò ṣeé yá lọ́wọ́ ẹlòmíì bó ṣe wà. Iye ẹnu, ọjọ́ tí ẹnu kọ̀ọ̀kan wà nílé, ohun tí ẹnu kọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ jẹ: ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo bá kọ síbí, ẹ gé e mọ́ ìwọ̀n ilé tiyín.

Ẹ wo ilé kí ẹ tó wo ọjà

Lálẹ́ Ẹtì, lẹ́yìn tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, màá mú bébà tí mo fi ń gé pátánì kan wọ ilé ìdáná. Màá ṣí ike gààrí, màá gbé kẹ́ẹ̀gì epo sókè kí n mọ bó ṣe wúwo sí, màá tẹ àlùbọ́sà wò, màá sì kó ohun tó wà nísàlẹ̀ fíríìsà wá sókè. Ìsàlẹ̀ fíríìsà yẹn ni kí ẹ má fojú fò. Ibẹ̀ ni ẹran tí a ti gbàgbé máa ń wà.

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo ń pín bébà náà sí. Ọ̀kan wà fún ohun tó ṣẹ́ kù tó gbọ́dọ̀ tán kó tó bàjẹ́. Ọ̀kan wà fún ohun tó ti tán. Ẹ̀kẹta wà fún ohun tí kò tíì tán ṣùgbọ́n tí kò lè dé Sátidé tó ń bọ̀. Tí ènìyàn ò bá kọ ẹ̀kẹta yìí, òun ló ń sọni di ẹni tó ń rán ọmọ lọ ra epo inú ọ̀rá lálẹ́ Ọjọ́rú, bẹ́ẹ̀ epo inú ọ̀rá ló wọ́n jù lọ nínú gbogbo epo tí wọ́n ń tà ládùúgbò. Èyí àkọ́kọ́ sì ni ọ̀gá. Bí ìdajì iṣu bá kù tí ojú rẹ̀ ti ń dúdú, iṣu ni ọ̀sẹ̀ náà yóò fi bẹ̀rẹ̀, ohun yòówù kó máa wù wá jẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni màá béèrè lọ́wọ́ oníkálukú ibi tó ń lọ. Màmá máa ń gba ààwẹ̀ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Wọ́n ti ń gbà á kí n tó wọlé wọn. Nítorí náà, lọ́jọ́ méjèèjì yìí, oúnjẹ gbọ́dọ̀ ti délẹ̀ kí wọ́n tó pe ìrun mùgàríbì, kó sì jẹ́ ohun tó rọ̀: ọ̀gì àti àkàrà, tàbí ọ̀jọ̀jọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru tún wà lára wọn, dókítà sì ní kí wọ́n dín iyọ̀ kù. N kì í se ìkòkò ọbẹ̀ méjì nítorí ìyẹn. Iyọ̀ díẹ̀ ni mo ń fi sí ìkòkò, màá bu ti Màmá sọ́tọ̀, ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn nínú àwọn tó kù, iyọ̀ wà lórí tábìlì. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ Magí. Ata rodo, àlùbọ́sà, irú àti ẹja yíyan tó dára ń ṣe iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn rò pé Magí ló ń ṣe é.

Ewé ló ń ṣáájú

Ohun tó ń yára bàjẹ́ ni mo fi ń to ọjọ́. Ewédú àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni, torí náà Sátidé àti Sọ́ńdè ni tiwọn. Ilá lè fara dà á di ọjọ́ Ìṣẹ́gun bí kò bá rí omi. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, mo máa ń ra èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ ní Sátidé. Tó bá fi máa di Ọjọ́rú, ó ti tó dòdò, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ẹ̀wà bọ́ sí Ọjọ́rú. Ohun gbígbẹ, bí ẹ̀gúsí, àpọ̀n, pańla àti edé, ló ń kẹ́yìn, torí kò sí ohun tó ń lé wọn.

Bí ọ̀sẹ̀ kan ṣe máa ń rí nílé wa rèé. Alẹ́ Sátidé jẹ́ ti ìkókoré, nítorí ọkọ mi wà nílé, nítorí ìyá rẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀sán Sọ́ńdè, ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata. Alẹ́ Sọ́ńdè, àmàlà àti ewédú, torí ọmọ Ìbàdàn ni èmi náà, mo sì ní ẹ̀tọ́ sí ọjọ́ kan. Ajé, ẹ̀bà àti ẹ̀fọ́ rírò, láti inú ẹ̀fọ́ tí mo ti bọ̀ sí fíríìsà, pẹ̀lú àkàrà Màmá nírọ̀lẹ́. Ìṣẹ́gun, ilá. Ọjọ́rú, ẹ̀wà àti dòdò. Ọjọ́bọ̀, ẹ̀gúsí. Ẹtì kò ní orúkọ. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni a ń fi dá nǹkan: àsáró bí iṣu bá wà, ìrẹsì àdàlú bí ẹ̀wà bá kù. Bí ẹ bá fi orúkọ sí gbogbo ọjọ́ láìku ọ̀kan, ìṣẹ́kù yóò máa pọ̀ títí ẹ ó fi dà á nù.

Ẹ ó rí i pé ẹ̀wà wọlé lẹ́ẹ̀mejì, fún àkàrà Ajé àti fún Ọjọ́rú. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo ń ṣa á. Mo ń bó tàkàrà lálẹ́ Sọ́ńdè, màá gbé e lọ sẹ́rọ láàárọ̀. Tọjọ́rú, màá rẹ ẹ́ sómi lálẹ́ Ìṣẹ́gun, màá da omi yẹn nù, gáàsì tí màá fi sè é á sì dín kù gan-an.

Ẹ jẹ́ n dúró díẹ̀ lórí ìkókoré, torí ẹni tí kì í ṣe Ìjẹ̀bú máa ń rò pé ó le. Ewùrà ni kí ẹ rà, kì í ṣe iṣu lásán; iṣu lásán kò ní dì mọ́ra. Ẹ kọ́kọ́ se ata, àlùbọ́sà, epo pupa, edé àti ẹja yíyan tí a ti ṣà egungun rẹ̀ kúrò, kó hó dáadáa. Ẹ rin ewùrà, ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, kí ẹ máa fi ọwọ́ já a wẹ́wẹ́ sínú ọbẹ̀ tó ń hó náà. Ẹ dín iná kù, ẹ bò ó, ẹ má fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá rò ó nígbà tí kò tíì jinná, yóò di ẹ̀kọ. Tó bá ti dì, ẹ wá rọra fi ṣíbí igi rò ó lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, kí kókó rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ẹja yòówù tó bá ti jẹ́ yíyan bá a mu, ìyẹn ló fi rọrùn fún ẹni tí kò kọ orúkọ ẹja.

Ipò mẹ́ta ni ẹja ní nínú ètò mi, ipò yìí ni mo ń kọ: ẹja ọbẹ̀ tútù fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ẹja díndín fún àárín ọ̀sẹ̀, ẹja yíyan fún ìparí. Bí mo bá dé Olúwo tí àrọ̀ pọ̀, àrọ̀ gba ipò ọbẹ̀ àti ti yíyan. Epìyà ló dára fún díndín, ṣùgbọ́n bí ọmọ kékeré bá wà nílé, ẹ ra èyí tó tóbi, egungun rẹ̀ rọrùn láti rí. Bí ẹja tútù bá wọ́n lọ́jọ́ náà, ẹyin á gba ipò àárín ọ̀sẹ̀, pańla á gba ti ìparí, ètò kò sì ní yẹ̀. Ẹja inú yìnyín, títùs tàbí ṣàwá, wà fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ náà. N kò bá a jà, ṣùgbọ́n n kò ní tìtorí rẹ̀ gba iwájú Olúwo kọjá.

Ní Olúwo

Ẹ tètè dé. Àárọ̀ ni ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀, àárọ̀ náà sì ni àwọn alájàpá tó ń kó ẹja lọ sí Èkó ń rà. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn wọn, ìyókù wọn ló ń ṣà.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀: àárọ̀ ni ẹja dára jù, ṣùgbọ́n ìkẹyìn ló yẹ kí ènìyàn ra ẹja kí ó má bàa jókòó sínú oòrùn. Ọgbọ́n tí mo ń dá ni pé ẹja ni mo kọ́kọ́ ń rà, màá kà á, màá gbé e fún àwọn tó ń bá ènìyàn pa ẹja níbẹ̀, màá sì sọ fún wọn bí mo ṣe fẹ́ ẹ: èyí ní gígé fún ọbẹ̀, èyí ní lílà láti ẹ̀yìn fún yíyan. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é, èmi á ti máa ra ata àti ewé. Tí mo bá padà dé, màá tún un kà. Ẹ mú kúlà lọ láti ilé, kí ẹ kó omi inú ọ̀rá tó ti dì sísàlẹ̀ rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ yìnyín, ẹ sì lè mu ún tó bá yọ́.

Bí ẹ ṣe máa mọ ẹja tútù tó dára: kí ojú rẹ̀ yọ, kó mọ́ gaara; ojú tó ti jìn wọlé tó sì ti funfun ti pẹ́ nílẹ̀. Ẹ ṣí ibi tó fi ń mí lẹ́bàá orí, inú rẹ̀ yẹ kó pupa. Ẹ fìka tẹ ẹran ara rẹ̀. Bí ojú ìka yín bá dúró síbẹ̀ tí kò padà, ẹ fi í sílẹ̀. Òórùn omi ló yẹ kó máa rùn. Ní ti àrọ̀, ẹ ra èyí tó ń jà. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá ti odò ni tàbí ẹja sísìn. Ẹja sísìn máa ń sanra, ọ̀rá rẹ̀ sì pọ̀. Ó dùn nínú ọbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ lórí iná kó tó gbẹ bí ẹ bá fẹ́ yan án.

Ẹ má kánjú nídìí ìnájà. Mo ní ìyá kan tí mo máa ń rà lọ́wọ́ wọn.

“Ẹ kú ọjà o, màmá. Ajé á wọgbá o.”

“Àmín o, ìyàwó. Wá wo àrọ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀ ni.”

Wọ́n á dárúkọ owó, màá rẹ́rìn-ín, èmi náà á dárúkọ tèmi.

“Ìyàwó, owó tí mo san fún ọlọ́kọ̀ nìkan lo dárúkọ yìí.”

“Ẹ má bínú, màmá. Bí mo bá gba ọpọ́n méjì ńkọ́?”

Ọ̀rọ̀ ọpọ́n méjì yẹn ló ń ṣí ilẹ̀kùn, nítorí mo lè sọ ọ́. Bí ìwé mi bá ní òbòkún kan ṣoṣo, n kò ní ohunkóhun láti fi dúnàá-dúrà. Bí owó kò bá sì wálẹ̀ mọ́, ẹ béèrè èènì. Ọ̀pọ̀ ìyá tí kò ní dín owó kù ló máa fi ẹja kékeré kan sí i.

Ata àti tòmátì: bí ẹ bá ń ra ti inú apẹ̀rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n da díẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ rí àárín rẹ̀. Tòmátì tó ti rọ̀ tí wọ́n ń tà ní owó pọ́ọ́kú dára bí ẹ bá máa lọ̀ ọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ yàgò fún un.

Wákàtí méjì lẹ́yìn ọjà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ra ọjà dáadáa, wọ́n á wá dé ilé, wọ́n á jókòó sinmi. Ẹ má jókòó. Wákàtí méjì yìí ló ń gba ìdajì iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Ẹja ni ẹ ó kọ́kọ́ dojú kọ. Ẹ fi iyọ̀ àti òróǹbó wẹ́wẹ́ bọ́ yọ̀ọ̀yọ̀ ara àrọ̀ kúrò, ẹ ṣàn án. Ti yíyan, ẹ gbé e sórí àgbá lójú ẹsẹ̀, iná tí kò pọ̀, èéfín díẹ̀; ọmọ kan lè máa bojú wò ó. Ti díndín, ẹ dín in. Ti ọbẹ̀ nìkan ló máa wọ fíríìsà ní tútù, kí ẹ sì dì í ní ìwọ̀n ìsè kan ìsè kan nínú ọ̀rá pẹlẹbẹ, torí ẹja tó bá ti yọ́ kì í padà sínú yìnyín mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ ata, ẹ sè é títí omi rẹ̀ fi gbẹ, ẹ fi òróró dín in, ẹ pín in sí abọ́. Ọbẹ̀ Ìṣẹ́gun, ti Ọjọ́bọ̀ àti ti Sọ́ńdè, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀fọ́, ẹ má fọ̀ ọ́ bí ẹ kò bá tíì fẹ́ sè é. Ẹ fi bébà wé e. Èyí tó bá máa kọjá Sọ́ńdè, ẹ bọ̀ ọ́, ẹ fún omi rẹ̀ dànù, kó wọ fíríìsà.

Nípa iná ìjọba: fíríìsà tó kún, tí ẹnikẹ́ni kò ṣí, lè mú òtútù dání fún bíi wákàtí 48 lẹ́yìn tí iná bá lọ. Èyí tó kún dé ìdajì, bíi wákàtí 24. Fíríìjì ní tirẹ̀ kò ju bíi wákàtí 4 lọ. Torí náà, bí oúnjẹ inú fíríìsà yín bá dín kù, ẹ fi omi inú ọ̀rá dí àyè tó ṣófo. Kí ẹ sì kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sára ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ọmọ má bàa dúró síwájú rẹ̀ kó máa tú u kiri.

Oúnjẹ oṣù, àti ìdí kóńgò

Ìrẹsì, ẹ̀wà, gààrí, epo, òróró, ẹ̀gúsí: ìwọ̀nyí kì í bá mi wọ ọjà ọ̀sẹ̀. Ìparí oṣù ni tiwọn, owó wọn sì wà lọ́tọ̀ lọ́dọ̀ alájọ. Èmi àti àwọn aládùúgbò méjì ni a jọ ń ra àpò ìrẹsì oníkílò 50, kóńgò kan náà la fi ń pín in, lójú gbogbo wa.

Bí ẹ bá ń ra ní kóńgò lọ́jà, ẹ yí i padà kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Àwọn kan máa ń lu ìdí kóńgò wọlé, ọwọ́ kan sì ti lọ nínú ìrẹsì yín nìyẹn. Ẹlòmíì á da ọwọ́ bo etí rẹ̀ bó ṣe ń wọ̀n ọ́n. Ẹ má bá a jà. Ẹ ní kóńgò tiyín nínú báàgì, ẹ gbé e jáde. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́, ẹ kí i, kí ẹ kọjá.

Ẹ̀wà gba ìṣọ́ra ju gbogbo wọn lọ. NAFDAC ti kìlọ̀ títí pé kí àwọn ọlọ́jà má fi oògùn apakòkòrò bíi Sniper sí i, síbẹ̀ àwọn kan ń ṣe é. Ẹ bu ẹ̀wà sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Èmi fẹ́ràn ẹ̀wà tí mo rí kòkòrò kan tàbí méjì nínú rẹ̀ ju èyí tó mọ́ tóní-tóní tó ń rùn bí oògùn. Tí mo bá délé, màá sá a, màá rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ kó kún dé ẹnu, màá dé e pa. Kòkòrò tí kò rí afẹ́fẹ́ kò ní pẹ́ láyé.

Ẹ kọ owó tí ẹ ra nǹkan kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó tó. Oṣù tó ń bọ̀, ẹ ó mọ ohun tó gbówó lórí àti ohun tí wọ́n kàn fẹ́ fi rẹ́ yín jẹ.

Ìgbà àti ọdún

Nígbà òjò, tòmátì máa ń gbówó lórí. Ẹ má fi gbogbo owó ọjà lé e. Tàtàṣé àti àlùbọ́sà púpọ̀ lè gbé ọbẹ̀ ró, ẹ̀gúsí kò sì nílò tòmátì rárá. Ìgbà náà ni àgbàdo tútù pọ̀, alẹ́ kan lọ́sẹ̀ lè jẹ́ ti àgbàdo sísè àti àgbọn, àwọn ọmọ kò sì ní ráhùn. Iṣu tuntun ń wọlé láti bí oṣù keje lọ. Ó kún fún omi, kò dára fún iyán tó bẹ́ẹ̀, ó dára fún àsáró. Ewùrà máa ń pọ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀.

Ọdún Kayokayo ni kí ẹ má dà pọ̀ mọ́ ètò ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn Iléyá ló máa ń bọ́ sí. Àwọn Èkó-Ẹ̀pẹ́ ló ń ṣe é ní ìrántí Ọba Kòsọ́kọ́, tó wá tẹ̀dó síbí pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n lé e kúrò lórí oyè ní Èkó ní 1851. Bí ọdún náà bá dé, kò sí ẹni tó lè sọ iye ẹnu tó máa wọlé, ilé tí kò sí nínú ọdún náà pàápàá á rí àlejò tó kàn yà. Owó tirẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kó sọ́dọ̀ alájọ ní oṣù mélòó kan ṣáájú. Ẹ ra ìrẹsì àti òróró rẹ̀ kí Iléyá tó dé, nígbà tí ọjà kò tíì gbóná, kí ẹ sì tọ́jú wọn sí ibi tí ọwọ́ ọ̀sẹ̀ kò ní tó wọn. Ẹja ni ẹ ó fi sílẹ̀ di òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ ti lọ bá ìyá ẹlẹ́ja yín sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ẹ fi owó díẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá bi yín pé irú ẹja wo ni kí àwọn tọ́jú dè yín, ẹ ní èyí tó bá pọ̀ jù.